Kò sí ohun tó dún, síbẹ̀ ọwọ́ ń lọ sórí fóònù: báwo lèèyàn ṣe ń tún ọkàn kó jọ?

Òǹkàwé_Òru

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin ará ilé yìí. Ọ̀rọ̀ kan ni mo gbé wá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi dá sí i.

Iṣẹ́ mi gba kí n máa ka ìwé olójú ewé 30 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí n sì kọ kókó inú rẹ̀ jáde. Kí n tó dé ojú ewé kẹta, ọwọ́ mi á ti wà lórí fóònù. Mo ti pa ohùn rẹ̀, mo ti pa gbígbọ̀n rẹ̀, mo sì ti da ojú rẹ̀ délẹ̀ lórí tábìlì. Kò sí ohun tó dún, kò sí ohun tó mì, síbẹ̀ ọwọ́ ń lọ. Tí mo bá wá padà sórí ìwé, ìpínrọ̀ kan náà ni mo máa tún kà lẹ́ẹ̀mejì kó tó yé mi.

Ohun mẹ́ta ni mo fẹ́ mọ̀. Kí ló ń gbé ọwọ́ lọ nígbà tí kò sí ohun tó pè é? Yàtọ̀ sí pípa ohùn, èwo nínú àwọn ètò inú fóònù ló ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́? Agbára téèyàn fi ń kàwé fún wákàtí kan láìgbórí sókè ńkọ́, ṣé ó ṣeé gbà padà, báwo lèèyàn sì ṣe máa mọ̀ pé ó ń padà?

Alákìíyèsí

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ìbéèrè àkọ́kọ́ ni màá mú, torí ibẹ̀ ni gbòǹgbò wà.

Ọwọ́ kì í dúró de ìró kó tó lọ. Ní ọdún 1957, Ferster àti Skinner, àwọn onímọ̀ nípa ìhùwàsí, tẹ ìwé ńlá kan jáde lórí bí èrè ṣe ń sọ nǹkan di àṣà. Ẹyẹlé tó ń rí oúnjẹ gbà lẹ́yìn iye ìgbà tí kò lè mọ̀ tẹ́lẹ̀ á máa fi ẹnu kan bọ́tìnnì léraléra, bí oúnjẹ bá sì dáwọ́ dúró, ó máa ń pẹ́ gan-an kó tó jáwọ́. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni fóònù rí. Ẹ ṣí i lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, ó lè jẹ́ ẹ̀ẹ̀mejì péré lẹ máa bá ohun tó dùn mọ́ yín nínú. "Bóyá" yẹn ló ń gbé ọwọ́. Ìdí nìyẹn tí pípa ohùn nìkan kò fi tó: tí fóònù bá dákẹ́, ṣe ni "bóyá" ń pọ̀ sí i, torí kò sí bí ẹ ṣe lè mọ̀ pé kò sí nǹkan níbẹ̀ àfi tí ẹ bá wò ó.

Ẹ wá fi ti ojú ewé tí kì í tán kún un. Ní 2006 ni Aza Raskin ṣe ètò tó jẹ́ pé bí ìka bá ṣe ń fà á sókè, nǹkan tuntun á máa yọ nísàlẹ̀ fúnra rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ti jáde sọ lẹ́yìn náà pé ohun tó tìdí rẹ̀ yọ dun òun. Orí ìwé máa ń parí, ìwé ìròyìn máa ń dé ojú ewé ìkẹyìn, ibi òpin yẹn lèèyàn sì ti ń rántí pé òun ní iṣẹ́ mìíràn. Ibẹ̀ gan-an ni wọ́n yọ kúrò.

Ọ̀rọ̀ dída fóònù délẹ̀ lórí tábìlì ńkọ́? Ní 2017, Adrian Ward àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ìdánwò tó gba àròjinlẹ̀. Àwọn tí fóònù wọn wà ní yàrá mìíràn ṣe dáadáa ju àwọn tí tiwọn wà lórí tábìlì lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé fóònù ọ̀hún dákẹ́, ó sì dojú délẹ̀. Àwọn mìíràn tún un dán wò lẹ́yìn náà, kì í sì í ṣe gbogbo wọn ló rí ohun kan náà, nítorí náà n kò ní fi búra. Àmọ́ kò sẹ́ni tó lè jiyàn pé ohun tó wà nítòsí ọwọ́ ni ọwọ́ ń mú. Ẹ gbé e lọ sí yàrá mìíràn. Inú àpò kò tó, inú dúrọ́ọ̀ tábìlì kò tó.

Ìpínrọ̀ tí ẹ ń tún kà náà ní ìdí. Sophie Leroy fi hàn ní 2009 pé béèyàn bá fi iṣẹ́ kan sílẹ̀ láìparí bọ́ sórí òmíràn, apá kan ọkàn rẹ̀ á ṣẹ́ kù sídìí ti àkọ́kọ́. Ẹ ka àtẹ̀jíṣẹ́ kan tí ẹ kò tíì dáhùn, ẹ wá padà sórí ìwé: ojú yín wà lórí ìlà, èsì tí ẹ máa fún ẹni yẹn lọkàn yín ń tò. Kì í ṣe ìṣẹ́jú kan tí ẹ fi wò ó nìkan lẹ pàdánù, apá ọkàn tó ṣẹ́ kù sẹ́yìn yẹn náà ni.

Ohun kan tún wà tí ọ̀pọ̀ kì í kíyè sí, mo sì fẹ́ kí ẹ mú un dání. Ẹ ṣọ́ ọwọ́ yín fún ìjókòó kan ṣoṣo. Kì í lọ nígbà tí gbólóhùn bá ń yé yín. Ó ń lọ níbi tí ọ̀rọ̀ kan bá ti le, níbi tí àtẹ tó kún fún nọ́ńbà bá ti bẹ̀rẹ̀, tàbí níbi tí ẹ bá ti parí ìpínrọ̀ kan tí ẹ kò sì mọ ohun tó kàn. Ibi tó le ni ọwọ́ ń sá fún, fóònù sì ni ibi ìsádi tó sún mọ́ jù. Tí ẹ bá mú fóònù kúrò láìṣe nǹkan kan nípa ibi tó le, fèrèsé lẹ máa máa wò.

Atúnfóònùṣe

Alákìíyèsí ti sọ òótọ́ ọ̀rọ̀. Ẹ jẹ́ kí n mú ti inú ẹ̀rọ.

Ètò Focus, tó ń dí ìpè àti ìfitónilétí tí ẹ kò bá yàn, ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe pípa ohùn. Lórí iPhone, ó wà nínú Settings. Ẹ dá tuntun sílẹ̀, ẹ sọ ọ́ ní "Ìwé Kíkà", ẹ yan èèyàn méjì tàbí mẹ́ta tí ìpè wọn lè wọlé, ẹ má yan áàpù kankan, kí ẹ sì fún un ní aago tí yóò máa tan ara rẹ̀. Lórí Android, inú Digital Wellbeing ni Focus mode wà: áàpù tí ẹ bá yàn á di aláwọ̀ eérú, kò ní ṣí, kò sì ní fi ohunkóhun tó yín létí. Ihò kan wà lára ti Android o. Ó ní ibi téèyàn ti lè tẹ̀ ẹ́ pé òun fẹ́ sinmi díẹ̀, áàpù yẹn á sì ṣí padà. Tí ẹ bá ti lo ihò yẹn lẹ́ẹ̀mejì lọ́jọ́ kan, ẹ mọ̀ pé áàpù yẹn kò yẹ kó wà lórí fóònù rárá.

Òǹkà àkókò téèyàn ń fún áàpù, ọgbà onígi lásán ni. Lórí iPhone, bí àkókò bá pé, bọ́tìnnì tó máa ń jẹ́ kéèyàn fojú fò ó á yọ lójú ẹsẹ̀. Ohun tó ń dí i ni kí ẹlòmíràn nínú ilé bá yín fi nọ́ńbà àṣírí sí Screen Time, ibi tí òǹkà àkókò náà wà, kí ẹ má mọ̀ ọ́n, kí ẹ sì tan Block at End of Limit. Bí ẹ bá fi nọ́ńbà náà síbẹ̀ fúnra yín, ìka yín á ti mọ̀ ọ́n tẹ̀ láàárín ọjọ́ mẹ́ta.

Èyí tó lágbára ju gbogbo rẹ̀ lọ kì í ṣe ètò rárá. Ẹ yọ áàpù náà kúrò, ẹ máa wọlé láti orí bùráúsà, ẹ má jẹ́ kí bùráúsà tọ́jú pásíwọọ̀dù, kí ẹ sì máa jáde pátápátá tí ẹ bá parí. Ọwọ́ tó ń ṣí áàpù láìròtẹ́lẹ̀ kò lè fi àìròtẹ́lẹ̀ tẹ pásíwọọ̀dù oníléta 14. Níbi léta kẹrin tàbí ìkarùn-ún, orí á ti bá ọwọ́. Bákan náà, ẹ pa ìka fífi ṣí fóònù àti ojú fífi ṣí i, ẹ fi nọ́ńbà 8 dípò rẹ̀. Kí ẹ kọ́kọ́ kọ nọ́ńbà náà síbi tó láàbò kí ẹ tó yí i padà o, torí fóònù téèyàn bá ti ara rẹ̀ mọ́ta, ó lè di pé kí wọ́n nu gbogbo inú rẹ̀ nù.

Ojú fóònù àkọ́kọ́: ìpè, kámẹ́rà, máàpù, kàlẹ́ńdà, ìṣírò. Ó tán. Èyí tó kù, kó jẹ́ pé àfi kí ẹ tẹ orúkọ rẹ̀ kí ẹ tó rí i. Ẹ pa nọ́ńbà pupa kékeré tó ń jókòó lórí áàpù pẹ̀lú. Òun ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń gbàgbé, bẹ́ẹ̀ ojú ló ń pè bí ìró ṣe ń pe etí.

WhatsApp: bí ẹ bá pa ohùn ẹgbẹ́ kan, ẹ yan Always, kì í ṣe wákàtí 8, kí ẹ sì kó o sí Archive. Ẹ wo Settings kí Keep chats archived wà ní títàn, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹgbẹ́ náà á padà sókè nígbà tí ọ̀rọ̀ tuntun bá wọlé. Bí ẹnìkan bá dárúkọ yín níbẹ̀ tàbí ó fèsì sí ọ̀rọ̀ yín, ó ṣì máa tó yín létí, nítorí náà ẹ kò ní pàdánù ohun tó kàn yín. Ti YouTube: ẹ pa ìtàn ohun tí ẹ ti wò rẹ́, ẹ pa gbígba ìtàn náà sílẹ̀, ojú ewé àkọ́kọ́ rẹ̀ á sì ṣófo. Láti 2023 ló ti rí bẹ́ẹ̀. Ẹ pa autoplay náà, ìyẹn ètò tó ń mú kí fídíò mìíràn bẹ̀rẹ̀ fúnra rẹ̀.

Àwọ̀ eérú, tó ń mú àwọ̀ yòókù kúrò lójú fóònù: lórí iPhone, Settings, Accessibility, Display & Text Size, Color Filters, Grayscale. Máàpù tó fi àwọ̀ ya ọ̀nà àti àwòrán iṣẹ́ kò ní ṣeé kà nínú rẹ̀, èèyàn á wá pa á, kò ní rántí tàn án mọ́. Nítorí náà, kí ẹ fi sí Accessibility Shortcut, kí títẹ bọ́tìnnì ẹ̀gbẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta máa tàn án, kó máa pa á. Ó wúlò díẹ̀, àmọ́ kí ẹ má gbára lé òun nìkan.

Afọkànkàwé

Ẹ̀yin Òǹkàwé_Òru, ìbéèrè kẹta ni tèmi. Ó ṣeé gbà padà, ṣùgbọ́n wíwọ̀n ló ń ṣáájú.

Fún ọjọ́ 3 àkọ́kọ́, ẹ má gbìyànjú láti ṣe dáadáa. Ẹ mú aago tábìlì, kì í ṣe ti fóònù, ẹ mú ìwé pélébé kan, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Gbogbo ìgbà tí ọkàn tàbí ọwọ́ bá lọ sí fóònù, ẹ fa ìlà kan, kí ẹ kọ ìṣẹ́jú tí ìlà àkọ́kọ́ bọ́ sí. Ká ní ìṣẹ́jú 7 ni, ìṣẹ́jú 7 ni ìjókòó yín ní ọ̀sẹ̀ yẹn, kò gbọdọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Tí ẹ bá ti jókòó lẹ́ẹ̀mẹ́ta tẹ̀ léra láìsí ìlà, ẹ fi ìṣẹ́jú 2 kún un. Tí ìlà bá ju 2 lọ nínú ìjókòó kan, ẹ dín 2 kù, kò sí ìtìjú níbẹ̀.

Ohun tó ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́ jù ni kéèyàn fi ìṣẹ́jú 60 bẹ̀rẹ̀. Á jókòó fún wákàtí kan lóòótọ́, ṣùgbọ́n ogójì ìṣẹ́jú nínú rẹ̀, ìjà ni, ohun tí ọkàn sì kọ́ níbẹ̀ ni pé ìwé kíkà jẹ́ ìyà. Ètò ìṣẹ́jú 25 tí Francesco Cirillo gbé kalẹ̀ ní apá ìparí àwọn ọdún 1980, pẹ̀lú ìsinmi ìṣẹ́jú 5 àti ìsinmi gígùn lẹ́yìn ìgbà 4, dára fún ẹni tó ti dé ìṣẹ́jú 25. Ẹni tó wà ní 7 kò tíì dé ibẹ̀.

Ìsinmi náà, ẹ má fi fóònù ṣe é. Ẹ dìde, ẹ mu omi, ẹ wo ohun tó jìnnà. Ìsinmi ìṣẹ́jú 5 lórí fóònù á kó ọ̀rọ̀ tuntun márùn-ún tí kò tíì parí wọlé, ẹ sì ti gbọ́ ohun tí Alákìíyèsí sọ nípa ọ̀rọ̀ tí kò parí.

Ẹ jẹ́ kí n wá dé ibi tó le tí ó mẹ́nu kàn, torí ibẹ̀ ni iṣẹ́ gan-an wà. Pẹ́ńsùlù kò gbọdọ̀ kúrò lọ́wọ́ yín. Ọwọ́ tó di nǹkan mú kò tètè rí ààyè lọ. Bí gbólóhùn kan bá dí, ẹ fi pẹ́ńsùlù sábẹ́ rẹ̀, ẹ kà á jáde lẹ́nu jẹ́jẹ́. Tí kò bá tíì yé yín, ẹ sọ ọ́ di ìbéèrè sí ẹ̀gbẹ́ ìwé: "Kí ló pè ní èyí?" Lẹ́yìn náà, ẹ ka ìpínrọ̀ ọ̀hún dé òpin kí ẹ tó padà. Lọ́pọ̀ ìgbà, gbólóhùn méjì sí i ni ìdáhùn wà. Nísàlẹ̀ ojú ewé kọ̀ọ̀kan, ẹ da ọwọ́ bo ohun tí ẹ kà, ẹ kọ gbólóhùn kan ṣoṣo nípa rẹ̀. Ẹni tó mọ̀ pé òun máa kọ gbólóhùn yẹn kì í kà bí ẹni tó ń sá eré. Iṣẹ́ yín sì ni kíkọ kókó jáde, nítorí náà, ẹ ò ṣòfò: ojú ewé 30, gbólóhùn 30, ìdajì iṣẹ́ ti tán.

Èrò tó bá já wọlé, bíi "mi ò tíì dá lágbájá lóhùn", ẹ kọ ọ́ sórí ìwé pélébé náà, kí ẹ sì kọ aago tí ẹ máa ṣe é sí i. Aago yẹn ṣe pàtàkì. Masicampo àti Baumeister fi hàn ní 2011 pé ọ̀rọ̀ tí kò parí máa ń yọ ọkàn lẹ́nu, àmọ́ bí èèyàn bá ti ní ètò pàtó fún un, ìyọlẹ́nu náà á rọlẹ̀, bí kò tilẹ̀ tíì ṣe é.

Bó bá ṣeé ṣe, ẹ tẹ ìwé náà sórí bébà. Delgado àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó ìwádìí 54 jọ ní 2018, àwọn tó kópa nínú wọn lé ní 170,000: ìwé orí bébà ń yéni ju ti ojú ẹ̀rọ lọ, pàápàá nígbà tí àkókò bá há. Ìyàtọ̀ náà kò pọ̀, ṣùgbọ́n apá bébà ló ń gbè.

Iye ọjọ́ ńkọ́? Ẹ má gba àwọn tó ń sọ pé ọjọ́ 21 ni nǹkan fi ń di àṣà gbọ́. Nínú ìwádìí Phillippa Lally àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ìdajì àwọn èèyàn ló lò tó ọjọ́ 66 kí ìṣe tuntun tó di àṣà, àwọn kan lo ọjọ́ 18, iye tí wọ́n ṣírò fún àwọn mìíràn sì dé 254. Ọjọ́ kan ṣoṣo tí ẹ bá fò kò ba nǹkan kan jẹ́.

Alábòójútó_Àkókò

Mo fara mọ́ púpọ̀ nínú rẹ̀, àmọ́ màá ta ko ohun kan. Bí ọ̀rọ̀ Atúnfóònùṣe ṣe ń lọ, ẹnìkan lè rò pé pípa gbogbo ìfitónilétí ni ojútùú. Ní 2019, Fitz àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dán an wò fún ọ̀sẹ̀ 2. Àwọn tí ìfitónilétí wọn ń kóra jọ dé ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta péré lóòjọ́ ni ọkàn wọn balẹ̀ jù, wọ́n sì ń pọkàn pọ̀. Àwọn tí tiwọn kò dé rárá wà nínú àníyàn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ìbẹ̀rù pé ohun kan ń lọ láìsí àwọn bá wọn. "Bóyá" tí Alákìíyèsí ń sọ náà ni.

Nítorí náà, ẹ fún "bóyá" ní aago tirẹ̀. Aago 10:30, 1:30 àti 5:30, ìṣẹ́jú 20 lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ dáhùn gbogbo rẹ̀ tán níbẹ̀, ẹ má kàn kà á kí ẹ fi sílẹ̀. Lórí iPhone, Scheduled Summary á kó wọn jọ de aago náà. Kí ẹ sì sọ fún àwọn tó ń retí yín: "Mo máa ń dáhùn àtẹ̀jíṣẹ́ ní aago 10:30, 1:30 àti 5:30. Tó bá jẹ́ kánjúkánjú, ẹ pè mí." Gbólóhùn yẹn ń ṣiṣẹ́ ju ètò inú ẹ̀rọ lọ, torí ọ̀pọ̀ nínú ohun tó ń lé wa lọ sórí fóònù ni pé a rò pé ẹnìkan ń bínú.

Gloria Mark, olùwádìí kan, ti ń wọn bí ọkàn èèyàn ṣe ń pẹ́ tó lórí nǹkan kan láti ìgbà pípẹ́. Ní 2004, èèyàn ń lo nǹkan bí ìṣẹ́jú 2 àti ààbọ̀ lójú ẹ̀rọ kan kó tó yí sí òmíràn. Láìpẹ́ yìí, ó ti wálẹ̀ sí ìṣẹ́jú àáyá 47. Nínú àwọn ìdílọ́wọ́ tó kà, èyí téèyàn ń ṣe fún ara rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ pọ̀ tó èyí tó wá láti ìta. Ìdajì tó ń wá láti ìta ni ètò inú fóònù lè dí. Ìdajì kejì wà lọ́wọ́ pẹ́ńsùlù tí Afọkànkàwé ní kí ẹ dì mú.

Òǹkàwé_Òru

Ọlọ́run á san yín lẹ́san o. Ọ̀rọ̀ ibi tó le yẹn wọ̀ mí lákínyẹmí ara. Ìṣòro méjì ló kù. Ilé ìwé ọmọ lè pè nígbàkúgbà, nọ́ńbà wọn sì pọ̀, n kò mọ gbogbo rẹ̀. Èkejì, kọ̀ǹpútà iṣẹ́ máa ń béèrè nọ́ńbà àṣírí tó ń wá sórí fóònù. Báwo ni fóònù ṣe máa wà ní yàrá mìíràn?

Atúnfóònùṣe

Méjèèjì ní ọ̀nà. Fún ilé ìwé, ẹ tan ètò ìpè àtúnpè nínú Do Not Disturb tàbí Focus. Lórí iPhone, bí nọ́ńbà kan náà bá pè lẹ́ẹ̀kejì láàárín ìṣẹ́jú 3, ó máa dún. Lórí Android, láàárín ìṣẹ́jú 15 ni. Ẹ sọ fún wọn pé kí wọ́n pè lẹ́ẹ̀mejì. Ibi tó ti ń kùnà ni tí wọ́n bá fi nọ́ńbà méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ pè, nítorí náà ẹ gba gbogbo nọ́ńbà wọn, ẹ kó o sábẹ́ orúkọ kan, kí ẹ sì fi orúkọ náà sára àwọn tó lè wọlé. Ẹ fa ohùn ìpè sókè pátápátá, kí ẹ lè gbọ́ ọ láti yàrá kejì. Ẹni tí kò dá a lójú pé òun á gbọ́ kò ní lè jókòó jẹ́ẹ́.

Ti nọ́ńbà àṣírí, ẹ wọlé sí gbogbo ohun tí ẹ máa lò kí ìjókòó tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ tó gbé fóònù lọ. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ló tún ń fúnni ní nọ́ńbà ìpamọ́ tó ṣeé tẹ̀ sórí bébà. Ẹ béèrè.

Aago ìtanijí náà, ẹ mú un kúrò lórí fóònù. Òun ló ń fi fóònù sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn.

Afọkànkàwé

Ẹ jẹ́ kí n fi díẹ̀ kún ti ìpè. Bí fóònù bá dún, ẹ má tíì dìde. Ẹ fi pẹ́ńsùlù sórí ìlà tí ẹ dé, ẹ kọ ọ̀rọ̀ mẹ́ta sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ nípa ohun tí ẹ fẹ́ ṣe tẹ̀ lé e, ìṣẹ́jú àáyá 10 ló ń gbà. Ẹ wá lọ gbé ìpè lórí ìdúró, níbi tí fóònù wà, ẹ má gbé e wá sídìí tábìlì. Nígbà tí ẹ bá padà dé, ọ̀rọ̀ mẹ́ta yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ kà, kì í ṣe ìpínrọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.